Píánò Tí Ó Di Ìlù: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Orin Ijó Àwọn Ará Kúbà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Bí ó bá ṣe ti píánò ni, kò sí ẹni tí yóò ja òwe náà níyàn, nítorí ọwọ́ méjèèjì ni a fi ń tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ní erékùṣù Kúbà, ọwọ́ tí ó mọ́ nìkan kò tó. Ẹni tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá nídìí píánò, tí ó ń ka ìwé orin bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn, tí ó sì ti tẹ orin àwọn àgbà olórin ilẹ̀ Yúróòpù láìṣìnà, lè jókòó sí àárín ẹgbẹ́ olórin ijó ní ìlú Havana, kí àwọn oníjó dúró, kí wọ́n máa wò ó. Gbogbo ohùn tí ó tẹ̀ ni ó tọ́. Àsìkò tí ó tẹ̀ wọ́n ni kò tọ́. Píánò inú agbo ijó Kúbà ti jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ dùùrù, ó ti di ìlù. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ, ìwà onílù ni yóò kọ́kọ́ kọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí yẹ fún àgbéyẹ̀wò àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ó bi wá ní ìbéèrè kan tí ó dé gbogbo ilé tí a ti ń kọ́ ọmọ ní àṣà: ṣé ìwé lè kọ́ ọmọ ní ohun tí a ń fi etí àti ẹsẹ̀ kọ́?

LÁTI PÁLỌ̀ DÉ AGBO IJÓ

Nígbà tí píánò kọ́kọ́ dé Kúbà, ohun ọ̀ṣọ́ inú ilé àwọn ọlọ́rọ̀ ni. Ìjọba Sípéènì ni ó ń ṣe àkóso erékùṣù náà nígbà náà. Oko ìrèké ni ó ń mú owó wọlé, àwọn ẹrú tí a kó láti ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n sì ń ro ó, títí di 1886 tí òfin fi òpin sí oko-ẹrú níbẹ̀. Nínú pálọ̀, àwọn ọmọ olówó ń kọ́ orin Yúróòpù. Lóde, ìlù àwọn ọmọ Áfíríkà ń dún. Ògiri kò lè dí orin lọ́nà. Manuel Saumell, olórin ọmọ Havana tí ó kú ní 1870, kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin kúkúrú tí a ń pè ní contradanza fún píánò. Nínú wọn, ọwọ́ ọ̀tún ń kọrin bí ará Yúróòpù, ọwọ́ òsì sì ń jó nísàlẹ̀ bí ọmọ Áfíríkà. Ignacio Cervantes (1847–1905), tí ó kàwé orin ní Paris, tọ ipa ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní 1875, ìjọba Sípéènì lé Cervantes kúrò nílùú nítorí pé ó ń fi orin rẹ̀ kó owó jọ fún àwọn tí ń jà fún òmìnira Kúbà. Láti ìgbà yẹn ni píánò Kúbà ti ń ru ẹrù tí ó ju orin lọ.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1879, Miguel Faílde àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí orin ijó tuntun kan ní ìlú Matanzas. Danzón ni wọ́n pè é. Kò sí píánò nínú ẹgbẹ́ náà. Fèrè, kàkàkí òyìnbó, fayolíìnì àti ìlù ni wọ́n ń lò. Antonio María Romeu (1876–1955) ni ìtàn fi ọ̀wọ̀ fún pé ó mú píánò wọ inú ẹgbẹ́ danzón kékeré tí a ń pè ní charanga, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní 1926, ó dá píánò nìkan ta orin láàárín danzón kan tí a ń pè ní Tres Lindas Cubanas, àwọn oníjó sì rí i pé ohun èlò pálọ̀ yìí lè gbé ẹsẹ̀ ènìyàn kúrò nílẹ̀.

Ní ìhà ìlà-oòrùn erékùṣù náà, láàárín òkè àti oko, orin mìíràn wà tí a ń pè ní son. Ohun èlò tí ó jẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ni tres, gìtá kékeré olókùn mẹ́fà tí a tò ní méjì-méjì sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹni tí ń ta tres kì í wulẹ̀ gbá gbogbo okùn papọ̀ bí onígìtá. Ó ń mú ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí wọn po bí ẹni ń hun ẹní, ó sì ń tún un ṣe láìsinmi. Ní àwọn ọdún 1920, orin son ti gba Havana kan, pẹ̀lú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà bíi Sexteto Habanero tí a dá sílẹ̀ ní 1920.

Ẹni tí ó so okùn méjèèjì pọ̀ ni Arsenio Rodríguez, tí a bí ní 1911 ní agbègbè Matanzas. Ó fọ́ lójú láti kékeré, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń ta tres tó o ní àkókò rẹ̀. Ní nǹkan bí 1940, ó sọ ẹgbẹ́ son kékeré di ńlá: ó fi trọ́ńpẹ́ẹ̀tì kún trọ́ńpẹ́ẹ̀tì, ó mú ìlù gíga tí a ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù wọlé, ó sì gbé píánò kalẹ̀ sí àárín wọn. Kò fún píánò ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú pálọ̀. Iṣẹ́ tres ni ó gbé lé e lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí ó bá jókòó sídìí píánò nínú ẹgbẹ́ ijó Kúbà ń hun ẹní tí olókùn mẹ́fà ti hun ṣáájú rẹ̀.

IGI MÉJÌ TÍ GBOGBO ẸGBẸ́ Ń GBỌ́RÀN SÍ LẸ́NU

Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ kan píánò, igi méjì ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Igi kéékèèké ni wọ́n, wọ́n le, wọ́n sì yí róbótó. A ń fi ọ̀kan lu èkejì. Clave ni àwọn ará Kúbà ń pè wọ́n. Ní èdè Sípéènì, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni a ń lò fún ohun tí a fi ń tú àṣírí, bí ìgbà tí Yorùbá bá sọ pé kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ nìyí. Orúkọ igi náà ni, orúkọ ìró márùn-ún tí igi náà ń dún sì ni pẹ̀lú.

Kí òǹkàwé fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ní ìgbà mẹ́jọ lọ́gbọọgba, kí ó sì pín in sí méjì, ìṣísẹ̀ mẹ́rin ní apá kìíní, mẹ́rin ní apá kejì. Ní apá kìíní, igi náà dún pẹ̀lú ìṣísẹ̀ kìíní. Ó tún dún ní àlàfo tí ó wà láàárín ìṣísẹ̀ kejì àti ìkẹta. Ó sì dún pẹ̀lú ìkẹrin. Ní apá kejì, ó dákẹ́ ní ìṣísẹ̀ kìíní, ó dún ní ìkejì àti ìkẹta, ó sì dákẹ́ ní ìkẹrin. Ìró mẹ́ta nìyẹn ní apá kan, ìró méjì ní apá kejì. Ẹni tí ó bá ti fetí sí ohùn agogo nínú haìláìfù tàbí jùjú yóò mọ̀ pé ìró márùn-ún yìí kì í ṣe àlejò sí òun.

Apá oníròó-mẹ́ta dà bí ẹni ń béèrè ọ̀rọ̀, nítorí ó ń fa ara síwájú. Apá oníròó-méjì dà bí ẹni ń fèsì, nítorí ó jókòó jẹ́ẹ́ sórí ìṣísẹ̀. Orin kan lè bẹ̀rẹ̀ láti apá oníròó-mẹ́ta, kí òmíràn bẹ̀rẹ̀ láti apá oníròó-méjì. Ohùn orin náà ni yóò sọ èyí tí ó bá a mu. Ṣùgbọ́n bí igi bá ti bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ yí ara rẹ̀ padà títí orin yóò fi parí. Ẹni tí ó bá tẹ apá kìíní nígbà tí àwọn yòókù wà ní apá kejì ti gbé ìlù sódì. Cruzado ni àwọn ará Kúbà ń pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọ̀nà ti dábùú ara wọn. Ohùn rẹ̀ lè dára, ìka rẹ̀ lè yá, síbẹ̀ ara àwọn oníjó yóò máa ta kò ó.

Ohun tí ó ń ya àlejò lẹ́nu jù ni pé nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ńlá, kò sí ẹni tí ń lu igi náà rárá. Olúkúlùkù ń gbọ́ ọ nínú ara rẹ̀: onífèrè, onílù, olórin àti ẹni tí ń tẹ píánò. Òfin tí a kò kọ sílẹ̀ ni, gbogbo wọn ni ó sì dè.

OHUN TÍ ỌWỌ́ Ń ṢE

Orin son ní apá méjì. Ní apá àkọ́kọ́, olórin ń sọ ìtàn rẹ̀. Nígbà tí ó bá ṣe díẹ̀, orin náà yóò ṣẹ́ sí apá kejì tí a ń pè ní montuno, níbi tí olórin yóò ti máa lé, tí àwọn elégbè yóò sì máa gbè. Ibẹ̀ ni ijó ti ń gbóná, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ píánò ti ń le. Ohun tí píánò ń tẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní guajeo. Nítorí apá orin tí ó ti ń wáyé, ọ̀pọ̀ ènìyàn tún ń pe òun náà ní montuno.

Ọ̀kan nínú àwọn irú rẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́kọ́ bá pàdé ni èyí. Ká ní orin bẹ̀rẹ̀ láti apá oníròó-méjì. Ọwọ́ méjèèjì yóò tẹ ohùn pẹ̀lú ìṣísẹ̀ kìíní àti ìkejì. Láti ibẹ̀ lọ, wọn kò ní bá ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́: wọn yóò tẹ̀ ní àlàfo tí ó tẹ̀lé ìkejì, ní àlàfo tí ó tẹ̀lé ìkẹta, àti ní èyí tí ó tẹ̀lé ìkẹrin. Ní apá oníròó-mẹ́ta, àlàfo nìkan ni wọn yóò máa tẹ̀, lẹ́yìn ìṣísẹ̀ kìíní, ìkejì, ìkẹta àti ìkẹrin. Ìgbà mẹ́sàn-án ni ọwọ́ tẹ̀ nínú ìṣísẹ̀ mẹ́jọ; méjì péré ni ó bá ẹsẹ̀ ṣe pọ̀, méje yòókù bọ́ sí àlàfo. Lẹ́yìn náà, a ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa lọ.

Lọ́pọ̀ ìgbà, ohùn kan náà ni ọwọ́ ọ̀tún àti òsì ń tẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí ohùn náà lè mú, kí ó sì la ariwo ìlù àti trọ́ńpẹ́ẹ̀tì kọjá. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹni tí ó kọ́ píánò ní ọ̀nà Yúróòpù fi ń ṣìṣe. Ó ti mọ́ ọn lára pé ọwọ́ òsì ni ó ń di ìsàlẹ̀ orin mú, ọwọ́ ọ̀tún ni ó ń kọrin. Ní Kúbà, ẹni tí ń ta béèsì ni ó ni ìsàlẹ̀. Béèsì náà kì í sì í sábà bá ìṣísẹ̀ kìíní dún. Ó ń dún ní àlàfo tí ó tẹ̀lé ìkejì, ó tún ń dún ní ìkẹrin. Ohùn tí ó bá sì ta ní ìkẹrin yìí, ti ìpín tí ń bọ̀ ni, bí ẹni tí ó ti dé ibi àpèjẹ kí àwọn tí ó pè é tó ṣílẹ̀kùn. Bí ọwọ́ òsì ẹni tí ń tẹ píánò bá ń lu ìṣísẹ̀ kìíní gbì-gbì, ó ti gba iṣẹ́ oníṣẹ́, ó sì ti ba a jẹ́.

Ìwà ni ó kù lẹ́yìn ìmọ̀. Guajeo kan náà lè dún fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìyí padà, nígbà tí olórin ń lé, tí elégbè ń gbè, tí trọ́ńpẹ́ẹ̀tì ń wọlé tí ó sì ń jáde. Ọmọ tí ìka rẹ̀ yá yóò fẹ́ fi ọ̀ṣọ́ kún un kí wọ́n lè rí òun. Ṣùgbọ́n bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ni yóò ya. Orí ohùn tí kò yí padà yìí ni gbogbo àwọn yòókù dúró lé. Ìgbà tí píánò yóò sọ tirẹ̀ ń bọ̀. Bí ó bá sì dé, kọ́kọ́rọ́ inú igi méjì náà ni yóò fi ṣílẹ̀kùn. Luis Martínez Griñán, ọmọ Guantánamo tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Lilí (1915–1990), tẹ píánò fún Arsenio ní ìparí àwọn ọdún 1940. Títí di òní, àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí ń padà sínú àwo orin rẹ̀ láti kọ́ bí a ti ń dáhùn nígbà tí ó bá kan ni, láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ oníjó ṣìnà.

BÍ AKẸ́KỌ̀Ọ́ ṢE Ń BẸ̀RẸ̀

Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ kì í yára ṣí píánò. Ẹsẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa fi ẹsẹ̀ tẹ ìṣísẹ̀, yóò máa fi ọwọ́ pa ìró clave, yóò sì máa fi ẹnu sọ ohun tí píánò yóò tẹ̀. Ohun mẹ́ta nìyẹn lára ènìyàn kan. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọn yóò kọlu ara wọn: ọwọ́ yóò fẹ́ tẹ̀lé ẹnu, ẹsẹ̀ yóò sì dúró. Bí ó bá ti ń fà á díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ kan yóò dé tí kò ní ronú lé e mọ́. Ìgbà náà ni yóò tó jókòó, tí yóò sì tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní ìyára tí kò lè mú ẹnikẹ́ni jó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé ìka yóò ṣubú sórí ẹsẹ̀. Àlàfo ń ba akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rù, nítorí náà ó ń sáré lọ bá ìṣísẹ̀ tí ó súnmọ́ ọn. Kò sí oògùn rẹ̀ ju ijó lọ. Ẹni tí ó bá lè jó son, tí ó mọ ibi tí ara ń lọ àti ibi tí ó ń dúró, kò ní bẹ̀rù àlàfo, nítorí ara rẹ̀ ti mọ̀ pé ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ Kúbà tí ó dàgbà láàárín ijó ti gba ìdajì ẹ̀kọ́ yìí kí ó tó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni.

ILÉ-Ẹ̀KỌ́ ÀTI ÌGBORO

Ibi tí ìjà wà nìyí. Ní 1962, ìjọba Kúbà ṣí Ilé-Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọnà ti Orílẹ̀-Èdè ní Havana, lórí ilẹ̀ tí àwọn olówó ti ń gbá góòfù tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tálákà láti gbogbo agbègbè wọlé síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí kò ṣeé ṣe fún àwọn òbí wọn. Bach, Beethoven àti Chopin ni a ń kọ́ wọn nídìí píánò, ẹ̀kọ́ náà sì le. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, orin ijó ilẹ̀ wọn kò sí nínú ètò ẹ̀kọ́ náà, àwọn olùkọ́ mìíràn sì ka á sí ohun tí ń ba ọwọ́ ọmọ jẹ́. Ọmọ tí ó bá fẹ́ kọ́ guajeo, ìgboro ni yóò lọ: ẹ̀gbẹ́ àgbà olórin, ilé ijó, àti ìdí rédíò.

Ẹ̀bi kò pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ náà fún àwọn ọmọ ní ìka tí ó lágbára àti ojú tí ó lè ka orin yòówù. Ìgboro fún wọn ní ohun tí ìwé kò ní. Láti inú àpapọ̀ méjèèjì ni orin ijó tuntun tí a ń pè ní timba ti jáde. Ẹgbẹ́ NG La Banda, tí José Luis Cortés dá sílẹ̀ ní 1988, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí aṣáájú rẹ̀. Guajeo inú timba díjú ju ti Lilí lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní ti Lilí nínú kò lè gbé e dúró.

Lẹ́yìn odi Kúbà, ìwé ti wá di olùkọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní 1993, Rebeca Mauleón, olórin ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde tí ó ṣàlàyé píánò àti ẹgbẹ́ olórin ijó yìí ní kíkún, ìwé náà sì ti la ojú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú tí kò sí ará Kúbà kankan. Àmì orin lè fi ibi tí ìka yóò bọ́ sí hàn. Bí ìka yóò ti wúwo tó, àti bí yóò ti pẹ́ tó kí ó tó bọ́, etí ni yóò sọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́n ń mú ìwé lọ́wọ́ kan, ó ń mú àwo orin lọ́wọ́ kejì.

OHUN TÍ Ó KAN ỌMỌ YORÙBÁ

Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, tí púpọ̀ nínú wọn dé ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni a mọ̀ sí Lukumí. Wọ́n gbé bàtá lọ nínú orí wọn, wọ́n sì gbẹ́ ẹ níbẹ̀. Fernando Ortiz (1881–1969), onímọ̀ àṣà Kúbà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní nǹkan bí 1830, àwọn méjì tí wọ́n ń jẹ́ Añabí àti Atandá ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe bàtá tí a yà sọ́tọ̀ fún òrìṣà ní Havana. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ka orúkọ àkọ́kọ́ yẹn yóò gbọ́ Àyànbí nínú rẹ̀. Òrìṣà inú ìlù náà, tí àwọn ará Kúbà ń pè ní Añá, ni Àyàn. Ìlù mẹ́ta ni wọ́n ń lò, iyá ni ó tóbi jù, itótele tẹ̀lé e, okónkolo ni ó kéré jù. Ìdí okónkolo ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohùn kan tí kò yí padà ni yóò máa lù fún ọdún púpọ̀, kí a tó jẹ́ kí ó fọwọ́ kan iyá tí ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ okónkolo yìí àti ẹ̀kọ́ guajeo jọra: dúró síbi tí a fi ọ́ sí, jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀ lé ọ lórí, kí o tó sọ tìrẹ. Àwọn olórin Kúbà kan tilẹ̀ mú ohun èlò méjèèjì pàdé. Ní 1952, Bebo Valdés (1918–2013), tí ń tẹ píánò ní ilé ijó Tropicana, gbé ìlù tuntun kan jáde tí ó pè ní batanga, ó sì fi bàtá sínú ẹgbẹ́ olórin ijó ńlá. Ọmọ rẹ̀, Chucho Valdés, tí a bí ní 1941, dá ẹgbẹ́ Irakere sílẹ̀ ní 1973, níbi tí píánò àti bàtá ti ń dá ara wọn lóhùn.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ọmọ Yorùbá na ọwọ́ gba gbogbo rẹ̀ bí ogún bàbá rẹ̀ nìkan. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Okùn tres ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Sípéènì wá. Ìlù gíga tí Arsenio mú wọ inú ẹgbẹ́ rẹ̀, ìdílé ìlù àwọn ará Kóńgò ni ó ti sẹ̀. Arsenio tìkára rẹ̀, ìran Kóńgò ni ó ń fi yangàn. Ohun tí ó jẹ́ ti Yorùbá níbẹ̀ tó láti fi ṣògo láìjẹ́ pé a gba ti ẹlòmíràn mọ́ ọn.

Orin náà sì ti padà wá kí ilé. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwo orin Kúbà tí a kọ GV sí lára ti ń dé àwọn èbúté Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn olórin Kóńgò àti àwọn onihaìláìfù sì gbọ́ ọ. Ìlù gíga tí àwọn onijùjú ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù, àkúbà ni Yorùbá ń pè é. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń tọ́ka sí ibi tí ó ti dé.

ỌWỌ́ TÍ KÒ GBÀGBÉ

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí irú ẹ̀kọ́ yìí ń fi sílẹ̀ lára ènìyàn, kí ó wo Rubén González. A bí i ní ìlú Santa Clara ní 1919, ó sì kọ́ píánò ní ilé-ẹ̀kọ́ orin ní Cienfuegos. Ó ti rò ó láti di dókítà kí ó máa fi alẹ́ tẹ orin, ṣùgbọ́n orin borí. Láàárín àwọn ọdún 1940, ó wà nínú ẹgbẹ́ Arsenio, kí Lilí tó gba ipò náà. Lẹ́yìn náà, ó bá Enrique Jorrín, ẹni tí ó dá chachachá sílẹ̀, ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ọjọ́ ogbó dé, ó fẹ̀yìn tì. Làkúrègbé mú ìka rẹ̀, kòkòrò ajẹgi sì ti ba píánò ilé rẹ̀ jẹ́. Olórin tí gbogbo Havana ti jó sí ohùn rẹ̀ kò ní píánò nílé.

Ní 1996, a pè é wá sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ EGREM ní Havana, níbi tí àwọn àgbà olórin ti ń kó jọ fún iṣẹ́ tí a wá mọ̀ sí Buena Vista Social Club. Ó ti ju ẹni ọdún 75 lọ. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ròyìn pé òun ni ó máa ń kọ́kọ́ dé láràárọ̀, tí yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà títí wọn yóò fi ṣí i, tí yóò sì lọ tààrà sídìí píánò. Nígbà tí wọ́n rí ohun tí ó wà nínú ọwọ́ rẹ̀, wọ́n gba àwo orin tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gbà á tán. Àwo méjèèjì jáde ní 1997, gbogbo ayé sì gbọ́ ọ. Ó kú ní Havana ní oṣù Kejìlá 2003.

Ìka rẹ̀ kò yá mọ́ bí ti ọ̀dọ́. Ohun tí ó kù fún un ni àsìkò: ibi tí ohùn yẹ kí ó bọ́ sí, àti ibi tí ó yẹ kí ó ti dákẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ Cienfuegos kọ́ ọ ní ìka; agbo ijó ni ó kọ́ ọ ní àsìkò, èyí sì ni àìsàn kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí olùkọ́ tí ń kọ́ ọmọ ní orin ilẹ̀ rẹ̀, ìbáà ṣe ní Havana tàbí ní ibòmíràn, má ṣe ti ìwé dànù, kí ó má sì ti ilẹ̀kùn ijó mọ́ ọmọ náà. Ọ̀tún ni ìwé, òsì ni agbo ijó. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ní mọ́.